Ògiri wo ló gba ẹ̀fọ́? Àlàyé fún ẹni tí kò ní ilẹ̀ lágbàlá ní Yankaba

Ẹni tó bá ń gbé nítòsí ọjà Yankaba, lójú ọ̀nà Hadejia ní Kano, lè sọ pé kò sí ohun tó kan òun nínú ọ̀gbìn ẹ̀fọ́. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń já tòmátò, ata, àlùbọ́sà àti ewébẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n ewébẹ̀ tútù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lóṣù kẹrin, nígbà tí ooru Kano bá ń sún mọ́ 40°C, ìdì ẹ̀fọ́ tí ẹ rà láàárọ̀ á ti rọ kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná lálẹ́. Iye ọjà náà kì í dúró lójú kan. Lóṣù karùn-ún ọdún 2016, kòkòrò Tuta absoluta ba oko tòmátò jẹ́ ní àríwá débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna kéde ipò pàjáwìrì lórí ọ̀gbìn tòmátò.

Ọ̀rọ̀ omi tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 2003, Tony Binns, Roy Maconachie àti Adamu Tanko tẹ ìwádìí jáde lórí omi, ilẹ̀ àti ìlera níbi tí wọ́n ti ń dáko nínú ìlú Kano àti àyíká rẹ̀. Odò Jakara, tó ń gba ìdọ̀tí inú ilé àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Bompai, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí àwọn kan ti ń fa omi rin ẹ̀fọ́. Ẹni tó bá gbin tirẹ̀ mọ omi tó fi rin ín.

Ṣùgbọ́n ní Sabon Gari, àdúgbò kan nínú Kano, ilẹ̀ ni kò sí. Lẹ́yìn tí ojú irin dé Kano lọ́dún 1911, ìjọba amúnisìn pín àdúgbò náà sí púlọ́ọ̀tì fún àwọn àlejò tó ń bá iṣẹ́ àti òwò bọ̀ láti gúúsù, Yorùbá sì wà lára wọn. Láti ìgbà náà ni yàrá ti ń fún yàrá. Nínú ọ̀pọ̀ agboolé, sìmẹ́ǹtì ti bo ibi tí à bá gbin nǹkan sí. Ìyókù jẹ́ ti okùn ìsáṣọ, kẹ́ẹ̀gì omi àti alùpùpù ayálégbé. Ohun tó kù ni òkè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ òkè yìí díẹ̀. Ẹ mú àpò ìrẹsì ńlá kan tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó ìdajì mítà. Ilẹ̀ tó máa gbà kò ju 0.2 mítà onígun mẹ́rin lọ. Bí ẹ bá bu ilẹ̀ kún un tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 80, ara àpò náà yíká á lé ní 1.2 mítà onígun mẹ́rin. Ìlọ́po mẹ́fà nìyẹn, a ò sì tíì ka orí rẹ̀.

Wọ́n ti dán an wò ní ibi tó há ju Sabon Gari lọ. Ní Kibera, ní ìlú Nairobi, lẹ́yìn rògbòdìyàn ìdìbò ìparí ọdún 2007, àjọ Solidarités International ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í ran àwọn aráàlú lọ́wọ́ lọ́dún 2008 láti gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò lẹ́nu ọ̀nà wọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: ẹ gbé agolo tí ẹ ti gé ìdí rẹ̀ kúrò sáàárín àpò, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo, kí ẹ da ilẹ̀ tí ẹ pò mọ́ ìgbẹ́ ẹran yí i ká. Ẹ fa agolo sókè, ẹ tún kó òkúta sí i, títí àpò á fi kún. Òpó òkúta yẹn ni omi ń gbà dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó lu ihò sí ara àpò, tí ẹ ó sì ti ẹ̀fọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù bọ̀ ọ́. Ìgbẹ́ ẹran kì í ṣe ohun tó wọ́n ní Kano.

Àwọn òyìnbó náà ní tiwọn. Stanley Hart White, olùkọ́ ní yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí ògiri eléwé lọ́dún 1938. Patrick Blanc, onímọ̀ ewéko ọmọ Faransé, sì fi ewéko bo ògiri ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé quai Branly ní Paris, tó ṣí lọ́dún 2006. Ó lẹ́wà, kò sì wúlò fún wa. Ẹ̀rọ ló ń fa omi sí irú ògiri bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì nínú ọyẹ́, gbogbo rẹ̀ á gbẹ.

Oòrùn ló ń yan ògiri

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á gbé agolo kọ́ sí ògiri tó bá ṣófo. Kano wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 12 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Láti ìparí oṣù kẹjọ títí di ìparí oṣù kẹrin, apá gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà. Láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹjọ ló ń yí sí àríwá. Nítorí náà, ògiri tó kọjú sí gúúsù á máa jẹ oòrùn jálẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tó kọjú sí àríwá kò sì ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i lásìkò ọyẹ́. Ti ìwọ̀-oòrùn ló le jù. Ooru ti kún inú búlọ́ọ̀kù láti ọ̀sán, oòrùn ìrọ̀lẹ́ á tún sán lé e, búlọ́ọ̀kù á sì máa tú ooru náà jáde títí di òru. Gbòǹgbò inú agolo kékeré á jóná níbẹ̀.

Bí ẹ bá bi mí, ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn ni kí ẹ mú. Ó ń rí oòrùn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó sì ń bọ́ sí ibòòji kí ooru tó le. Wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà bẹ́ẹ̀ tó fún ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti gbúre. Ti ìwọ̀-oòrùn náà ní ìlò tirẹ̀: ẹ gbé àpò ńlá sídìí rẹ̀, ẹ ta okùn sókè níwájú ògiri, kí ẹ jẹ́ kí amúnútutù tàbí elégédé gùn ún, bí iṣu ṣe ń gun ọ̀pá lóko. Ewé á ṣíji bo ògiri, omi tó ń jáde lára ewé á mú atẹ́gùn ibẹ̀ tutù díẹ̀, yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ náà á sì rọ̀ lálẹ́.

Omi ni ìṣòro tó kù. Òjò Kano kì í pẹ́: oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ló pọ̀ jù. Ní ìyókù ọdún, ẹni tí kò ní bóhòlù ń rà á lọ́wọ́ àwọn mai ruwa tí ń ti kẹ̀kẹ́ kiri. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀wà ò yẹ kó ṣòfò; ti ọṣẹ ni kí ẹ má lò. Ẹ rántí pé omi ń sọ̀ kalẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ jù lókè. Òkè ló máa kọ́kọ́ gbẹ, ìsàlẹ̀ á ṣì rin. Ẹ gbin ata àti ẹ̀fínrín sókè, tẹ̀tẹ̀ sáàárín, gbúre tó fẹ́ràn omi sísàlẹ̀. Tòmátò ní tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún Yankaba. Ó ń fẹ́ ilẹ̀ jíjìn, wàhálà rẹ̀ pọ̀ ju èso rẹ̀ lọ nínú agolo.

Ẹ má kó àpò sórí bákóní tó ti gbó. Àpò tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá mu omi, kò ní dín ní 200 kílò. Ẹ má lo agolo ọ̀dà tàbí ti oògùn kòkòrò, ẹ má sì jẹ́ kí omi dá sílẹ̀ fún ẹ̀fọn. Bí ilé bá jẹ́ amọ̀, ẹ má fi nǹkan tútù kàn án rárá. Bó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù, ẹ fi àlàfo tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ sáàárín ògiri àti àpò tàbí agolo. NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́ tó ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1975, ní ẹ̀ka ní Bagauda ní ìpínlẹ̀ Kano. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè irúgbìn tó bá ilẹ̀ gbígbẹ mu. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó kan ìṣó kankan.