Oògùn Kòkòrò Ń Bẹ Lẹ́yìnkùlé Wa: Ẹ̀kọ́ Láti Accra

Ẹni tí ó bá rìn ní ìlú Accra ní ìrọ̀lẹ́, ní àdúgbò Dzorwulu tàbí ní ẹ̀bá Korle-Bu, yóò rí ohun tí yóò mú un dúró wò. Láàárín ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti ọ̀nà ọkọ̀, ebè ẹ̀fọ́ tẹ́ lọ rẹrẹ: kábéèjì, létúùsì àti àlùbọ́sà eléwé, tí àwọn àgbẹ̀ ń bomi rin. Àwọn ará ìlú ni ó ń jẹ ẹ̀fọ́ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n nínú oko kan náà ni àgbẹ̀ ti ń gbé ẹ̀rọ ìfín kọ́ ẹ̀yìn, tí ó ń fín oògùn apakòkòrò, nígbà mìíràn láìbo imú, láìwọ ìbọ̀wọ́.

Èéṣe tí ó fi ń fín tó bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbà wa ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ní ń gbé. Èyí tí ń gbé ara kábéèjì ni ọmọ àfòpiná kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Plutella xylostella. Àfòpiná náà kò tó èékánná, síbẹ̀ ọmọ rẹ̀ a máa lu ewé kábéèjì bí asẹ́. Oògùn kì í sì í pẹ́ mọ́ ọn lára. Ní 1953, ní erékùṣù Java, ni a ti ròyìn pé DDT kò ràn án mọ́, ọ̀pọ̀ oògùn mìíràn sì ti bá DDT lọ. Bí oògùn bá pa púpọ̀, àwọn díẹ̀ tí kò kú ni yóò bímọ kún oko. Àgbẹ̀ a wá po oògùn rẹ̀ kí ó le sí i, a sì máa fín in lemọ́lemọ́. Owó rẹ̀ ń lọ, ara rẹ̀ ń fara gbá a, àwọn tí ó ra ẹ̀fọ́ náà sì ń jẹ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí àwa ọmọ Yorùbá. Àwọn baba wa tí ó gbin kòkó mọ Gamalíìnì 20 bí ẹni mọ owó. Lindane ni oògùn náà, tí a fi ń pa kápísídì, kòkòrò tí ń fa omi ara kòkó mu. Ilé ìwádìí Tafo ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, ni a sọ di ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1944, ó sì ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn. Ní 1963, ìròyìn jáde pé àwọn kápísídì kan ní Gánà kò kú mọ́ bí a ti fín lindane sí wọn. Ní 2009, àdéhùn Stockholm ka lindane mọ́ àwọn oògùn tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ohun tí a fi owó kòkó rà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ayé ní kí a dà á nù.

Ǹjẹ́ kí ni ó kù? Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó ń bẹ nínú àpò ṣòkòtò. Igi dóńgóyárò kún pẹ̀tẹ́lẹ̀ Accra, ẹyẹ àti àdán ní ń gbin ín kiri. Ní 1959, eéṣú bo ilẹ̀ Sudan, wọ́n jẹ ewé gbogbo igi tán. Onímọ̀ ará Jámánì kan, Heinrich Schmutterer, ṣàkíyèsí pé wọn kò jẹ ti dóńgóyárò. Ní 1968, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ azadirachtin jáde láti inú hóró rẹ̀. Oògùn yìí kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. A máa mú oúnjẹ sú u, kì í sì í jẹ́ kí ó lè bọ́ awọ rẹ̀ kí ó dàgbà. Àwọn olùwádìí ní Gánà ti dán omi hóró náà wò lórí kábéèjì ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Accra, wọ́n sì rí i pé ó ń dín ìbàjẹ́ kù. Tafo pẹ̀lú ti dán an wò fún kápísídì.

Sísè rẹ̀ kò le. A ó ṣa èso tí ó pọ́n, a ó bọ́ ara rẹ̀, a ó sá hóró sí ibòòji. A ó gún ìdajì kílò hóró tí a ti pa, a ó rẹ ẹ́ sínú omi lítà 10 di ọjọ́ kejì, a ó sẹ́ ẹ, a ó fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé. Ìrọ̀lẹ́ ni a ó fín in, nítorí oòrùn a máa ba agbára rẹ̀ jẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà a ó tún un fín.

Èyí wà fún kòkòrò orí ewé. Fún èyí tí ó sá sínú ilẹ̀, irú ikán àti ìdin tí ń jẹ gbòǹgbò, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọmọ ogun. Àwọn aràn kan ń bẹ, Steinernema àti Heterorhabditis lórúkọ, tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Kì í ṣe irú èyí tí ń ba iṣu jẹ́. Wọn a gba ẹnu tàbí ihò ìmí kòkòrò wọlé, wọn a tú bakitéríà tí wọ́n gbé wá sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kòkòrò náà a sì kú láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì. Ọmọ wọn a jáde, a wá òmíràn lọ. Wọn kì í ṣe ènìyàn tàbí ẹran ọ̀sìn ní ibi. Ní Jámánì, ilé iṣẹ́ ń sìn wọ́n nínú àgbá ńlá fún títà. Nítòsí wa, ní gúúsù Benin, àwọn onímọ̀ ti wa ilẹ̀, wọ́n bá Heterorhabditis níbẹ̀, wọ́n sì dán wọn wò lórí ikán nínú yàrá ìwádìí. Ṣùgbọ́n oòrùn àti ọ̀gbẹlẹ̀ ní ń pa wọ́n, kí àgbẹ̀ wa tó lè lò wọ́n, a ní láti ní ibi tí a ó ti máa sìn wọ́n, kí wọ́n sì dé oko láàyè.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí ó ti ọ̀dọ̀ wa wá kò lè ṣeni ní ibi. Òróró dóńgóyárò ti pa ọmọ ọwọ́ tí a fún mu rí. Dóńgóyárò fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, ìlà-oòrùn, ní ilẹ̀ Íńdíà àti Burma, ni ó ti wá. Ìmọ̀ tí a bá ní nípa igi ni yóò sọ ọ́ di tiwa. Igi ń bẹ ní àgbàlá wa, àjèjì ni ó ṣàkíyèsí rẹ̀, àjèjì ni ó wọn agbára rẹ̀, bí a kò bá sì ṣọ́ra, àjèjì ni yóò dì í sínú ìgò tà padà fún wa.

Nítorí náà ni a ṣe ń ké sí ẹ̀yin olùkọ́. Ẹ kọ ebè mẹ́ta nínú ọgbà ilé ìwé. Ẹ fín omi dóńgóyárò sí ọ̀kan, omi ọṣẹ sí èkejì, omi lásán sí ẹ̀kẹta. Kí àwọn ọmọ ka kòkòrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá ka iye náà fúnra rẹ̀ kì yóò gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ń ta oògùn gbọ́ láìbéèrè, kì yóò sì gba tiwa pẹ̀lú láìdán an wò. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kì yóò jẹ́ kí a sùn lóru. Àwa ti sọ tiwa.