Ọlọ́dẹ Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó bá wọ ọ́fíìsì kan ní GRA, Ìlọrin, láti forúkọ sílẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ni akọ̀wé sábà máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù àti NIN rẹ̀. Bí olè bá jí ìwọ̀nyí, ó lè fi wọ́n lu onítọ̀hún ní jìbìtì láìfọ́ ilẹ̀kùn kankan.

Nítorí irú èyí ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣe fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Kì í ṣe dátà tí a ń rà sórí fóònù ni a ń wí. Ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn ni. Òfin náà pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ tí ó bá gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dáàbò bò ó dáradára. Ìlànà àgbáyé kan, ISO 27001, náà béèrè ààbò lórí àwọn ẹ̀rọ tí òṣìṣẹ́ ń lò, ìbáà ṣe ti orí tábìlì tàbí fóònù.

Sọ́fítíwíà kan wà tí a ń fi sínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí a fi ọlọ́dẹ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ń yẹ ohun tí ó ń wọlé wò, ó ń dènà kòkòrò àrùn kọ̀ǹpútà, ó sì ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ fún ọ̀gá. Àkọsílẹ̀ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí dátà bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni ibi, tí ó sì lè pa ènìyàn lára, òfin fún ilé iṣẹ́ ní wákàtí 72 péré, láti ìgbà tí ó ti mọ̀, kí ó fi tó Àjọ tí ń mójútó Ìdáàbòbò Dátà létí. Láìsí àkọsílẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ orúkọ ẹni tí ó lọ?

Ṣùgbọ́n àwọn ọ́fíìsì kan a máa rà á bí ẹni ra aago ara ògiri: wọn a gbé e kọ́, ó parí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, àrùn kọ̀ǹpútà WannaCry tàn dé orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 150. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé ìwòsàn fagi lé ìpàdé aláìsàn tí ó lé ní 6,900. Bẹ́ẹ̀, Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde láti oṣù kẹta. Àwọn tí kò fi í sínú ẹ̀rọ wọn ni ìyà jẹ.

Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bi akọ̀wé léèrè ohun tí wọn yóò fi NIN yín ṣe. Bí wọ́n bá sì ṣì í lò, ẹ lè fi ẹjọ́ sun Àjọ náà.