Èsúrú Oko àti Èsúrú Ìgbẹ́

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ gbọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mi a máa pe gbogbo ìtàkùn orí òpó ní iṣu. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ewé iṣu àti ti ewùrà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni. Ti èsúrú, mẹ́ta-mẹ́ta ni lórí ọ̀pá kan.

Ṣùgbọ́n ewé yìí kò lè ya èsúrú oko sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìgbẹ́, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ti ìgbẹ́ korò, ó sì ní májèlé tí í mú gìrì wá; ó lè pani. Sísè lásán kò tó: àwọn tí ìyàn mú a máa gé e, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó sè é. Ẹ bi ẹni tó gbé e wá léèrè oko tí ó ti wá. Ti oko pàápàá, ẹ tètè tà á: bí ó bá pẹ́ nílẹ̀, a le bí igi, iná kò sì ní lè mú un rọ̀ mọ́.