Ǹjẹ́ Ẹ̀rọ Lè Mọ Ìbànújẹ́ Tí Ó Wà Nínú Ìwé?

Púpọ̀ nínú yín ní Ìkẹ́rẹ́ àti agbègbè rẹ̀ ni ó ní ọmọ ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ọmọ náà ń kọ ránṣẹ́ lórí fóònù ni ẹ fi ń mọ̀ bóyá àlàáfíà ni ó wà. Nígbà tí ẹ wá gbọ́ pé kọ̀ǹpútà lè ka ìwé, kí ó sì sọ bóyá inú ẹni tí ó kọ ọ́ dùn tàbí ó bàjẹ́, kò yà mí lẹ́nu pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá a lè gbẹ́kẹ̀ lé e.

Bí a ti ń kọ́ ọmọdé ni a ń kọ́ ẹ̀rọ yìí. Àwọn tí ó gbọ́ èdè náà dáadáa yóò kọ́kọ́ ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀, wọn yóò sì kọ sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: ayọ̀ ni èyí, ìbínú ni èyí, ìbẹ̀rù ni èyí. Ẹ̀rọ náà yóò sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, yóò ṣe ìṣirò lé ìṣirò ní ìpele-ìpele, títí yóò fi méfò ìdáhùn. Bí ó bá ṣì í, a ó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe díẹ̀, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀, títí àṣìṣe rẹ̀ yóò fi dínkù. Nítorí pé ìpele náà pọ̀, tí ó sì jìn, ni àwọn Òyìnbó fi ń pè é ní deep learning, ìyẹn ni ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀.

Èdè wa kò gbẹ́yìn. Ní 2022 ni NaijaSenti jáde: nǹkan bí 30,000 ọ̀rọ̀ kúkúrú láti orí Twitter ní èdè Yorùbá, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti Haúsá àti ti Ìgbò, tí àwọn ènìyàn ti sàmì sí bóyá rere ni tàbí búburú. Ní 2025, àkójọ mìíràn tí a ń pè ní BRIGHTER kó èdè 28 jọ, Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Èyí ya ayọ̀, ìbànújẹ́, ìbínú, ìbẹ̀rù, ìríra àti ìyàlẹ́nu sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹ̀rọ ti lè kọsẹ̀. “Inú mi dùn,” ayọ̀ ni. “Ọ̀rọ̀ náà dùn mí,” ìbànújẹ́ ni. Bákan náà ni a ń kọ “dùn” méjèèjì. Àwa ará Èkìtì tún ń pe inú ní “unú”, èyí tí ẹ̀rọ tí a fi Yorùbá inú ìwé kọ́ lè máà tí ì rí rí.

Èyí tí ó ṣòro jù ni pé àwọn ènìyàn wa kì í sábà kọ “mo banújẹ́”. Ara ni a fi ń sọ ọ́. Ní 1960, dókítà Raymond Prince, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí kò lè kàwé mọ́, tí wọ́n ń ráhùn pé orí ń gbóná, orí ń fọ́ àwọn. Lójú ẹ̀rọ, “orí mi ń gbóná” lè jẹ́ ibà lásán. Ẹlòmíràn yóò sì kọ “a dúpẹ́” nígbà tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀rọ kò sì rí ojú.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹ̀rọ lè ta wá lólobó, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ dókítà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ọmọ yín ti ń kọ̀wé ni ẹ ó kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀. Bí ẹni tí ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ gígùn bá bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan dáhùn, tí kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò wù ú, tí nǹkan kan kò sì dùn mọ́ ọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ pè é kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, tàbí kí ẹ rán ẹni tí ó wà nítòsí rẹ̀ lọ wò ó. Bí ó bá kọ pé ayé sú òun, ẹ bi í láìfi bò bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà sí ènìyàn nínú. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dá nìkan wà, ẹ gbé oògùn apakòkòrò àti irú rẹ̀ kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ó dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe bú u, ẹ má sì pè é ní ọ̀lẹ. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.