Ibi Tí Adùn Oyin Ń Gbà Lọ

Ẹni tó bá rò pé torí kí bíà lè dùn ni wọ́n ṣe ń da oyin sí i, kò tíì mọ ìwà ìwúkàrà. Da oyin sínú ọtí tó ń hó lọ́wọ́, kí o padà wá tọ́ ọ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan: adùn ti pòórá. Ìwúkàrà ti jẹ ẹ́ tán, ó ti sọ ọ́ di agbára àti ìfóófòó. Ohun tó kù kò ju òórùn fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti òdòdó lọ, ìyẹn bí ẹni tó pọn ọtí náà bá mọṣẹ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, òórùn yẹn gan-an á bá oru ìkòkò lọ.

Nínú oyin tó dára, omi kì í sábà ju ìdá 17 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣúgà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ìyókù, irú ṣúgà tí ìwúkàrà lè gbé mì láìjanpata. Ti ọkà bálì tí wọ́n fi ń pọn bíà ò rí bẹ́ẹ̀. Apá kan nínú ṣúgà ọkà máa ń le jù fún ìwúkàrà, á wá ṣẹ́ kù sínú ọtí, òun ló ń jẹ́ kí bíà wúwo lẹ́nu. Nítorí náà, bí ọlọ́tí bá fẹ́ bíà tó lágbára gan-an, tó sì ń fi ọkà nìkan wá agbára ọ̀hún, ọtí á ki, á sì máa lẹ̀ mọ́ ètè. Ṣùgbọ́n kílò oyin kan nínú 20 lítà ọtí á fi agbára tó ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kún un, láìfi ìwúwo kankan kún un. Ọtí á fúyẹ́, á gbẹ lẹ́nu, kíkorò tó wà nínú rẹ̀ á sì hàn kedere.

Ọgbọ́n tí ilé iṣẹ́ Bell's ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà ń dá sí bíà tí wọ́n ń pè ní Hopslam nìyẹn. Agbára rẹ̀ tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ìlọ́po méjì bíà tí a ń mu nílé, oríṣi họ́pùsì mẹ́fà, òdòdó tó ń mú bíà korò, ló wà níbẹ̀, oyin sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nílé ìjọba Amẹ́ríkà náà, nígbà Obama, wọ́n fi oyin tí wọ́n fà nínú ọgbà ilé ọ̀hún pọn bíà, wọ́n sì gbé bí wọ́n ṣe pọn ọ́n jáde fún gbogbo ayé ní 2012.

Lọ́dọ̀ tiwa, ní Ìjàn-Èkìtì àti àwọn ìlú tó yí i ká, ìdí paraga ni oyin àti ọtí ti sábà ń pàdé. Egbò àti èèpo igi á wà nínú ìgò ògógóró, ọtí á ti pọ́n rẹ̀sùrẹ̀sù. Ẹni tí kíkorò rẹ̀ bá fẹ́ já lára á ní, “Ìyá, ẹ bá mi kán oyin sí i.” Ìyá á kán an sí i, oníbàárà á gbé e dà sọ́nà ọ̀fun, oyin á sì dùn ún lẹ́nu lóòótọ́. Oyin kan náà ni, ṣùgbọ́n ibi tó bọ́ sí ló yàtọ̀. Agbára ògógóró pọ̀ débi pé ìwúkàrà tó bá já sínú rẹ̀, ikú ló bá pàdé. Kò sẹ́ni tó máa jẹ adùn oyin níbẹ̀. Bí ọdún bá yí po, bó ṣe dùn ló ṣì máa dùn.

Bí ẹnìkan bá wá fẹ́ pọn bíà kíkorò olóyin ní Gúúsù Èkìtì, oyin kọ́ ni yóò wọ́n ọn. Igbó ṣì kù lápá Ìsẹ̀ àti Ẹmùré. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, ewé Akíntọ́lá tó ti gba gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ṣá tì á tú òdòdó funfun, kòkòrò oyin á sì bò ó. Àgbẹ̀ kórìíra ewé yìí, ó sì lẹ́tọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ìgò oyin tí wọ́n ń tà létí títì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ dáadáa. Họ́pùsì ló máa dá ọlọ́tí dúró. Ewéko ilẹ̀ òtútù ni, tó ń fà mọ́ okùn, kì í sì í tú òdòdó dáadáa àfi níbi tí ọ̀sán bá ti gùn gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ọ̀sán tiwa ò kúrò ní nǹkan bíi wákàtí 12 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Kódà ní George, ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tó tutù díẹ̀, wọ́n ní láti máa tan iná mànàmáná sórí oko họ́pùsì tẹ́lẹ̀ kí ilẹ̀ má bàa tètè ṣú u.

Ṣé kíkorò ló kù tí a ó máa rà lókè òkun? Nígbà tí ìjọba ológun fòfin de kíkó ọkà bálì wọ Nàìjíríà, tí òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ni àwọn ilé iṣẹ́ ọtí yíjú sí. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì wa wá ń wo orógbó, ewúro àti utazi bóyá wọ́n lè rọ́pò họ́pùsì pẹ̀lú. Orógbó ló wù mí jù nínú wọn. Ó korò, kì í sì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń ba ọtí jẹ́ ráyè. Òórùn tí họ́pùsì ní ni kò ní. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí iṣẹ́ fún oyin: kí orógbó mú kíkorò wá, kí oyin mú òórùn wá. Kì í ṣe ohun tuntun kí wọ́n jọ wà lójú kan. Níbi ìsọmọlórúkọ, orógbó, oyin àti ọtí ló máa ń wà lórí tábìlì kan náà, wọ́n sì ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn súre. (Àwọn dókítà ní kí wọ́n má fi oyin kan ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ bá a tọ́ ọ wò.)

Àwọn mìíràn ní Áfíríkà ti ṣe irú rẹ̀ tipẹ́. Ní Ẹtiópíà, oyin àti omi ni wọ́n fi ń pọn tej, igi àti ewé gesho tó korò ni wọ́n sì ń rẹ sí i, iṣẹ́ tí họ́pùsì ń ṣe níbòmíràn. Mungo Park, òyìnbó arìnrìn-àjò tó rin ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ gba ilẹ̀ àwọn Mandingo kọjá láàárín 1795 sí 1797, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọtí ọkà àti ọtí oyin ni àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí níbẹ̀ ń mu, pé egbò kan tó korò ni wọ́n sì ń lò sí ọtí ọkà dípò họ́pùsì. Ó ní òun ti gbàgbé orúkọ egbò náà. Ìgbàgbé yẹn dùn mí ju gbogbo ìyà tó jẹ ẹ́ lọ́nà lọ.

Ọlọ́tí tó bá fẹ́ dán an wò ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìjàn, kó má da oyin sínú ìkòkò tó ń hó lórí iná, torí ooru á lé òórùn rẹ̀ lọ. Kó dúró kí ọtí tutù, kí híhó àkọ́kọ́ tí ìwúkàrà mú wá lọ sílẹ̀, kó tó dà á sí i. Kó sì ṣọ́ra níbi tó ti ń ra oyin. Èyí tí wọ́n fi ṣúgà sè á fún un ní irú agbára kan náà, kò ní sí òdòdó kankan níbẹ̀, ìgbà tí ọtí bá sì ti jinná ló máa tó mọ̀. Lẹ́yìn náà, kó má kánjú dé e. Bí adùn bá ṣì kù nínú ọtí tí wọ́n rọ sí ìgò, ìwúkàrà á máa jẹ ẹ́ lọ nínú ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ní rí ibi gbà jáde. Ẹni tó bá ti gbé kẹ́ẹ̀gì ògùrọ̀ tí wọ́n dé pinpin sínú mọ́tò rí lọ́sàn-án mọ ohun tí mò ń sọ. Kẹ́ẹ̀gì rọ́bà á kàn wú ni. Ìgò á bẹ́.