Ápù Oníṣúgà: Ẹ Má Jẹ́ Kó Sùn Síta

Ẹ̀yin òbí, ápù kò ṣòro rà ní Lẹ́kkí Phase 1, ẹni tó bá sì ti se baba dúdú rí lè fi ṣúgà bò ó fún àwọn ọmọ.

Ẹ fi omi gbígbóná fọ ápù kékeré 4, kí ìda ara wọn lè kúrò. Ẹ nù wọ́n gbẹ, kí ẹ fi igi gún wọn. Ẹ yọ́ ife ṣúgà 1 lórí iná kékeré títí yóò fi pọ́n. Ẹ fi bọ́tà ṣíbí 4 sí i, kí ẹ rọra da ìdajì ife mílíìkì alágolo lé e. Ẹ máa rò ó títí yóò fi ki. Kí ọmọdé jìnnà síbẹ̀ o: ó gbóná ju omi híhó lọ. Ẹ wá ti ápù bọ̀ ọ́.

Ní ìparí ọdún 2014, irú ápù bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ṣe kó àìsàn bá ènìyàn 35 ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan kú. Ojú ibi tí igi gún ni omi ápù ń gbà jò sábẹ́ ṣúgà, ibẹ̀ ni kòkòrò Listeria ti ń pọ̀ sí i bí a bá fi í síta. Aboyún ló léwu fún jù.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa ṣe ìwọ̀nba tí ilé yóò jẹ tán lọ́jọ́ náà. Bí iná bá lọ tí fíríìjì kò tutù mọ́, kò yẹ ká tọ́jú rẹ̀ di ọ̀la.