ÀLÀYÉ: Ṣé gọ́ọ̀mù lè dí injector tó ń jò nínú bọ́ọ̀sì onídísù?

Bọ́ọ̀sì Mercedes-Benz Sprinter pọ̀ lójú pópó Nàìjíríà àti Ghana. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ti sáré fún ọdún pípẹ́ ní Yúróòpù kí wọ́n tó gúnlẹ̀ sí èbúté ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹ bá ti wọ irú rẹ̀ rí, ẹ lè ti gbọ́ ìró kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná sí i láàárọ̀: ṣùù, ṣùù, ṣùù, bí ẹni tó ń mí gúlegúle. Láìpẹ́, òórùn èéfín á wọlé bá èrò.

Bí ẹ bá gbé irú ìṣòro yìí lọ sórí WhatsApp tàbí Facebook, ìmọ̀ràn kì í wọ́n ẹ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro mọ̀. Dírẹ́bà tó gbọ́dọ̀ kó owó ojúmọ́ lé onímọ́tò lọ́wọ́ ń wá ohun tí yóò jẹ́ kí ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà lónìí, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A gbé mẹ́rin nínú irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò, a sì ṣàlàyé ohun tó yẹ kí ẹ ṣe.

Kí ni injector, kí ló sì ń jò?

Injector, èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń pè ní nozzle, ló ń fọ́n epo dísù sínú sílíńdà. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, inú ihò kan lórí top cylinder ló sì ń jókòó sí. Nísàlẹ̀ ihò náà ni wáṣà pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi bàbà ṣe. Iṣẹ́ wáṣà yìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí iná àti èéfín inú sílíńdà má ṣe rí ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ injector jáde.

Iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn. Nígbà tí epo bá gbiná nínú sílíńdà, agbára tó ń tì í lè ju 100 bar lọ. Ẹ fi wé táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sábà máa ń wà ní bíi bar méjì àbọ̀. Bí wáṣà náà bá ti jẹ, tàbí tí bóòtù tó de injector mọ́lẹ̀ bá ti dẹ̀, èéfín á máa tú jáde. Á kó èédú àti epo tí kò jóná tán dání, á sì dì mọ́ ara injector bí ọ̀dà títì. Àwọn tó ń lo ọkọ̀ yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ̀dà náà ní "ikú dúdú".

Jíjò kan kò jọ èkejì

Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó ń jò.

1. Ọ̀dà dúdú nídìí injector, pẹ̀lú ìró ṣùù-ṣùù: wáṣà bàbà ló ti bàjẹ́.

2. Epo tó mọ́ tó ń rin lókè injector: ẹ wo rọ́bà kékeré tó wà níbi tí páìpù tín-ín-rín ti ń dá epo tó ṣẹ́kù padà sí táǹkì. Èyí rọrùn láti pààrọ̀.

3. Epo tó ń tú jáde níbi oríkèé páìpù irin: ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nínú àwọn Sprinter CDI àkọ́kọ́, tó jáde ní 2000, epo inú páìpù yìí lè dé 1,350 bar.

Àhesọ 1: "Ẹ fi gọ́ọ̀mù dí ẹ̀gbẹ́ injector náà"

Irọ́ ni. Ìsàlẹ̀ ihò ni èéfín ti ń jáde, òkè ni ẹ fi gọ́ọ̀mù sí. Bí ooru kò bá jó o, agbára èéfín á tì í kúrò. Èyí tó burú jù ni pé gọ́ọ̀mù náà á lẹ injector mọ́ ihò rẹ̀, yíyọ rẹ̀ á wá di ogun lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe dáadáa.

Àhesọ 2: "Ẹ kàn fún bóòtù rẹ̀ le sí i"

Ó ń ṣini lọ́nà. Bóòtù yìí máa ń nà díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fún un. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá tún fún un, ó lè ṣẹ́ sínú ihò, tàbí kó fa òwú ihò náà ya, nítorí alumíníọ̀mù ni top cylinder náà. Fífún bóòtù kò sì ní kó èédú tó ti wọ abẹ́ wáṣà kúrò.

Àhesọ 3: "Ẹ dáná sun wáṣà àtijọ́ kó pọ́n, kí ẹ tún un lò"

Òótọ́ díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Iná máa ń mú kí bàbà tó ti le padà rọ̀. Ṣùgbọ́n wáṣà tí wọ́n ti tẹ̀ kò lè nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, iná kò sì lè dí ojú ibi tí èéfín ti gbẹ́. Wáṣà tuntun wà lára ohun tó pọ́ọ́kú jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Àhesọ 4: "Oògùn kan wà tí ẹ máa dà sínú táǹkì"

Irọ́ ni. Inú injector ni epo ń gbà kọjá. Ìta rẹ̀ ni wáṣà wà. Ohun tí ẹ dà sínú epo kò lè dé ibẹ̀ lọ dí nǹkan kan.

Kí ló yẹ kí mẹkáníìkì ṣe?

Kó kọ́kọ́ wá èyí tó ń jò gan-an. Kó da omi ọṣẹ díẹ̀ sídìí injector kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì tútù, kó wá ṣíná sí i láìfún un ní gíà. Ibi tí ó bá ti ń hó ni èéfín ti ń jáde.

Lẹ́yìn náà, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó yọ injector náà. Bí ó bá lẹ̀, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fà á ni kó lò, kì í ṣe òòlù. Kó rí i dájú pé wáṣà àtijọ́ jáde, nítorí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ihò. Bí wọ́n bá fi tuntun lé e lórí, yóò tún jò. Kó dí ojú ihò kí ìdọ̀tí má bàa já sínú sílíńdà, kó fọ ìjókòó wáṣà àti ihò bóòtù mọ́ tónítóní. Bí èéfín bá ti gbẹ́ ìjókòó náà, wọ́n gbọ́dọ̀ rẹ́ ẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Kó wá lo wáṣà tuntun àti bóòtù tuntun, kó fún un dé ìwọ̀n tí ìwé ẹ́ńjìnnì náà sọ. Kí injector kọ̀ọ̀kan padà sí ihò tó ti wá.

Ẹ ṣọ́ ara yín

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tí epo ti ń tú jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Epo tó ní irú agbára yẹn lè gún awọ ara wọlé. Ojú ọgbẹ́ náà lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kó má tilẹ̀ dunni níbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ènìyàn lè pàdánù ìka tàbí ọwọ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé epo ló wọ ara.

Epo tó bá tú sára páìpù èéfín tó gbóná lè gbiná. Èéfín dísù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun àmúṣeré: ní 2012, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Dírẹ́bà tó ń fa á símú láti àárọ̀ dalẹ́ ló fara gbá a jù. Ẹ̀yin èrò náà, bí ẹ bá ń gbóòórùn rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì sọ fún dírẹ́bà.

Àkótán

Kò sí gọ́ọ̀mù tàbí oògùn inú táǹkì tó lè ṣe iṣẹ́ wáṣà bàbà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò: bí ẹ bá tètè pààrọ̀ wáṣà àti bóòtù, iṣẹ́ náà kò ní le. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ títí injector fi lẹ̀ tàbí tí ìjókòó rẹ̀ fi jẹ, ó lè di ọ̀rọ̀ top cylinder tuntun. Kí ẹ tó fi ìmọ̀ràn tó bá tún dé sórí fóònù yín ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ béèrè ìbéèrè kan péré: ṣé ohun tí wọ́n ní kí n ṣe yìí dé ibi tó ń jò?